Ẹ̀tẹ̀ Lábẹ́ Bọ́nẹ́ẹ̀tì

Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Òwe náà dára, àmọ́ àwọn tó kọ́kọ́ pa á kò ra ọkọ̀ eré àlòkù rí. Láyé tiwọn, ẹ̀tẹ̀ kì í fara pamọ́. Á jẹ ìka, á jẹ imú, ọmọdé pàápàá á sì mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí làpálàpá. Wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹ̀tẹ̀ yóò máa gbé lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí yóò rán iná aláwọ̀ ọsàn kan sí ojú dáṣíbọ́ọ̀dù pé kó lọ kìlọ̀ fún onílé, tí onílé yóò sì wo iná náà títí, tí yóò ní òun ń lọ ra rímù.

Ẹ mọ ọkùnrin náà. Kò sí àdúgbò kan ní Èkó tí kò ní tirẹ̀. Owó díẹ̀ bọ́ sí i lọ́wọ́, ìyàwó rẹ̀ ní kí wọ́n fi ra ilẹ̀ sí Mọ̀wé, ó ní òun ti gbọ́, ó sì fi ra Mazda RX-8. Ọkọ̀ pupa, ilẹ̀kùn mẹ́rin, tí méjì ẹ̀yìn ń ṣí lódìkejì. Ẹni tó tà á fún un búra pé obìnrin dókítà kan ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Amẹ́ríkà. (N kò tíì rí ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí kì í ṣe obìnrin ló lò ó. Ó yẹ ká béèrè ohun tí àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń wà.)

Kí n má purọ́, ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Láàárín 2003 sí 2012 ni Mazda fi ṣe é ní Japan, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sì ní písítìnì kankan. Irin onígun mẹ́ta méjì ló ń yí po nínú rẹ̀, lórí ìlànà tí Felix Wankel, ará Jámánì, gbé kalẹ̀. Lítà 1.3 péré ni, síbẹ̀ èyí tí a ń fọwọ́ yí gíà rẹ̀ lè yí dé ìgbà 9,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú ẹ́ńjìnnì onígun mẹ́ta bẹ́ẹ̀ ni Mazda gbé lọ sí ìdíje eré ọkọ̀ Le Mans ní 1991, tó sì gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n ẹlẹgẹ́ ni. Wọ́n dìídì ṣe é kó máa jẹ ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì díẹ̀díẹ̀ ni, kí etí àwọn irin onígun mẹ́ta yẹn má baà gbẹ, nítorí náà ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ máa fa géèjì ọ́ìlì yọ wò ní gbogbo ìgbà. Ọkùnrin wa kò mọ ibi tí géèjì wà. Ó mọ ibi tí bọ́tìnnì rédíò wà.

Orí afárá Third Mainland ni àìsàn náà ti kọ́kọ́ fojú hàn. Ó tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀, ọkọ̀ kò fà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ gbọ̀n rìrì. Dáńfó kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ lójú tèmi gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kọ́ńdọ́kítọ̀ inú rẹ̀ sì juwọ́ sí i pé, “Ọ̀gá, ẹ kú ìrìn o!” Ní àkókò yẹn gan-an, iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì ń ṣẹ́jú lójú dáṣíbọ́ọ̀dù.

Èdè iná yẹn kò le. Bó bá tàn tó dúró sójú kan, ẹ lè wakọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ délé, kí ẹ sì tètè wá ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá ń ṣẹ́jú, ẹ́ńjìnnì ń mísì débi pé nǹkan fẹ́ bàjẹ́ nísàlẹ̀: ẹ dẹ ẹsẹ̀ lórí tọ́rótù, ẹ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ti pupa tó ní àwòrán agolo ọ́ìlì tó ń kán kò tilẹ̀ fẹ́ ìjíròrò, ẹ pa ẹ́ńjìnnì níbi tí ẹ bá ti bá ara yín. Ọkùnrin wa rí i pé ó ń ṣẹ́jú. Ó ní làpálàpá ni, ó sì gbé rédíò sókè kó má baà gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń kọ́.

Kọ́ìlì mẹ́rin ló ń fún plọ́ọ̀gì mẹ́rin ọkọ̀ yìí níná, wọn kì í sì pẹ́ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa kì í dúró kí wọ́n kú kí wọ́n tó pààrọ̀ wọn. Bí ọ̀kan bá ti ń ṣe ségesège, epo tí kò ráyè jó lókè á ṣàn lọ sísàlẹ̀, á lọ jó nínú kátálíìsì tó ń fọ èéfín mọ́ lábẹ́ ọkọ̀. Inú kátálíìsì tó kún fún ihò wẹ́wẹ́ á yọ́, àwọn ihò náà á dí. Èéfín kò rí ọ̀nà jáde, ọkọ̀ kò lè fà, ooru tí kò ríbi gbà á padà sínú ẹ́ńjìnnì, á sì fojú àwọn irin tín-ín-rín tó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ létí àwọn irin onígun mẹ́ta gbolẹ̀. Kọ́ḿpẹ́ṣàn lọ nìyẹn. Kọ́ìlì kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Mazda fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì náà ń fa wàhálà, torí ó fa ìdánilójú tó ṣe lórí ẹ́ńjìnnì àwọn tó jáde láàárín 2004 sí 2008 gùn di ọdún 8 tàbí 100,000 máìlì ní Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́jọ ọ̀hún ti parí pátápátá kí ọkọ̀ ọkùnrin wa tó gúnlẹ̀ sí èbúté Tin Can.

Nígbà tó yá, ó gbé e lọ fún rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Rewáyà kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fọkàn balẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ ni.”

“Sẹ́ńsọ̀ èwo?”

“Ti inú.”

“Ṣé á tún máa fà?”

“Á fò, ẹ̀gbọ́n!”

Wọ́n lọ sí ọjà Ládípò, wọ́n ra sẹ́ńsọ̀ àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù. Iná náà kú fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún tàn. Wọ́n ra òmíràn. Mo ti wá gbà pé “sẹ́ńsọ̀ ni” kì í ṣe àyẹ̀wò mọ́ ní ìlú yìí, ẹ̀sìn ni.

Wọ́n ní skáńnà o. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1996 ni ìjọba Amẹ́ríkà ti pa á láṣẹ pé kí ihò oníbi-ìsopọ̀ 16 wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹnikẹ́ni lè ki ẹ̀rọ bọ̀ ọ́, kó sì gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ. Ṣùgbọ́n kóòdù tó ń jáde níbẹ̀ kì í dárúkọ ọ̀daràn, ẹni tó wá fẹjọ́ sùn ló ń dárúkọ. P0420 ní kátálíìsì kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ mọ́. Sẹ́ńsọ̀ òkísíjìn ló ríran tó wá sọ, òun náà ni rewáyà tú sọnù. P0171 ní afẹ́fẹ́ pọ̀ ju epo lọ, ó sì lè jẹ́ rọ́bà afẹ́fẹ́ ló là, ó lè jẹ́ pọ́ǹpù epo ló rẹ̀, ó lè jẹ́ pé ohun tó ń wọn afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí. P0300 ní ẹ́ńjìnnì ń mísì. Bí iná yẹn sì ṣe kọ́kọ́ tàn, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ bí ọkọ̀ ṣe ń sáré tó lákòókò yẹn, bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, àti bó ṣe ń yí tó. Rewáyà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó kà á, ó ní òun ti “fọ̀ ọ́ mọ́”.

Ọmọọṣẹ́ kan wà níbẹ̀ tó kù díẹ̀ kó gba fíríìdọ́ọ̀mù. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká gbé kọ́ìlì iwájú sí ẹ̀yìn, ká gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Bí mísì náà bá tẹ̀ lé kọ́ìlì lọ, a ti mú un.” Kò sí ọ̀rọ̀ tó lọ́gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sọ lórí ọkọ̀ yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á, kò sì ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ ra búrẹ́dì àti àkàrà.

Kì í ṣe kọ́ìlì nìkan ló ń mú kí ọkọ̀ má fà, kí n sọ ọ́ kí àwọn mẹkáníìkì tó ń kàwé má baà bú mi. Bí iná ABS, iná ẹ̀rọ tó ń dènà yíyọ̀, àti ti ẹ́ńjìnnì bá tàn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má rò pé àrùn mẹ́ta ló wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ kọ́kọ́ fi tẹ́sítà wo báàtìrì. Èyí tó sinmi dáadáa yẹ kó tó fólítì 12.6, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, kó wà láàárín 13.5 sí 14.5. Ẹ wo wáyà áàtì náà, bóyá ó ti jẹrà. Nígbà míì, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló dín agbára kù kí ẹ́ńjìnnì má baà pa ara rẹ̀, ẹni tó bá sì ń tẹ tọ́rótù mọ́lẹ̀ lásìkò yẹn ń bá ẹni tó fẹ́ gbà á là jà ni. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, epo ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2022, àjọ tó ń mójú tó epo bẹntiróòlù kéde pé epo tí methanol inú rẹ̀ ju ìwọ̀n tó yẹ lọ ti wọ Nàìjíríà, ọkọ̀ tó ń kú lójú ọ̀nà nígbà náà kò lóǹkà, “sẹ́ńsọ̀ ni” náà sì ni wọ́n ń sọ.

Ẹni tó bá tilẹ̀ fẹ́ mọ̀ bóyá àtúnṣe kan wà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ tòkunbọ̀ rẹ̀ pè é padà fún tí wọn kò tíì ṣe, kò ní láti gbáralé ìbúra. Léta àti nọ́ńbà 17 tó wà lára ọkọ̀ náà ni kó tẹ̀ sórí ìkànnì NHTSA, àjọ ààbò ojú pópó Amẹ́ríkà, kò sì gbowó. Ní 2010, BMW pe àwọn ọkọ̀ rẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn ní tọ́bò méjì padà ní Amẹ́ríkà nítorí pọ́ǹpù epo tó ń mú kí wọ́n pàdánù agbára. Ta ní Èkó ló ń béèrè bóyá wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù tiẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi? Ohun tí a ń béèrè ni bóyá ìjókòó rẹ̀ jẹ́ awọ.

Mo bi ọkùnrin wa léèrè lọ́jọ́ kan ìdí tó fi ra rímù, tó tún kun ọkọ̀ náà lọ́tun, tí kò ra kọ́ìlì. Òwe ló fi dá mi lóhùn. “Ẹ̀gbọ́n, àbí ẹ̀yin náà ò mọ̀ pé a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá? Ọ̀dà tó ń bó yẹn ni ẹ̀tẹ̀. Ṣé ẹni tó bá rí mi ní òde ìnáwó ló máa rí kọ́ìlì?”

N kò rí èsì fọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìbéèrè náà gbọ́n ju ẹni tó bi í lọ. Lójú tiwa, àrùn tí ará àdúgbò lè rí ni ẹ̀tẹ̀, èyí tí àwa nìkan mọ̀ ni làpálàpá. (Àwọn tó ń kun etí títì ní funfun àti dúdú nígbà tí àgbàrá ń wọlé onílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bá wí.) Nínú ẹ́ńjìnnì, ọ̀rọ̀ tilẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí níbẹ̀, làpálàpá ló ń bí ẹ̀tẹ̀. Ọmọ tí kọ́ìlì bí ni kátálíìsì tó dí, kátálíìsì ló sì bí ẹ́ńjìnnì tó kú.

Kátálíìsì náà dí lóòótọ́. Wọ́n gé e kúrò, wọ́n tà á fún àwọn tó ń ra kátálíìsì àlòkù kiri, tí wọ́n mọ̀ pé platinum àti palladium wà nínú rẹ̀, tí ọkùnrin wa kò mọ̀. Ọkọ̀ náà tún fà díẹ̀. Ariwo rẹ̀ gba àdúgbò, àwọn ọmọ-ọwọ́ ń ta jí lóru. Rewáyà tú dáṣíbọ́ọ̀dù, ó fi téèpù dúdú bo iná ẹ́ńjìnnì látinú, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ọkọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì sítáàtì: gbogbo iná ló yẹ kó tàn ná. Bí ti ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ tí kò yọjú, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà, ẹ máa lọ.

Kọ́ḿpẹ́ṣàn ti ń lọ nígbà yẹn, àmì tó sì máa ń hàn lára irú ẹ́ńjìnnì yìí ni pé bó bá tutù, á sítáàtì. Bó bá gbóná tí ẹ pa á, kò ní dáhùn títí yóò fi tutù. Ọkùnrin wa tètè mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì wá ọgbọ́n dá: kò pa á mọ́. Bó bá lọ jẹun ní bùkátérìà, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ níta. Bó bá lọ síbi ìsọmọlórúkọ, láti àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí wọ́n pín ìrẹsì, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ níta. Owó epo ti fò sókè látìgbà tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ kúrò ní oṣù Karùn-ún 2023, nítorí náà àwọn ènìyàn ń wò ó tìyanutìyanu. Ìyá arúgbó kan ní, “Owó ń bẹ lọ́wọ́ ọmọ yìí o.” Alága ìjókòó pè é síwájú kó wá bá wọn ṣí ìnáwó. Kò fẹ́ lọ jìnnà sí ọkọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ, ó ná an.

Ó ti gbé ọkọ̀ náà fún títà báyìí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò ṣí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, pé ẹ̀rọ amúlétutù rẹ̀ ń tutù, pé kò sí iná kankan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá wò ó ní ọjọ́ Sátidé pẹ̀lú mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì ní kí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì ná, kí òun wọn kọ́ḿpẹ́ṣàn. Ọkùnrin wa ní ẹ́ńjìnnì náà kì í fẹ́ kí wọ́n máa pa á ṣáá. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní kí mẹkáníìkì má fi àkókò ẹlòmíràn ṣòfò, ó sì béèrè bóyá owó rímù wà nínú iye tí wọ́n pè é.