Ìwádìí Lórí Kíkọ́ Ìpẹja Trout ní Hayin Dogo, Níbi Tí Trout Kò Sí

Ìpẹja onídẹ ìyẹ́ ni ọ̀nà ìpẹja tí a fi ń wé ìyẹ́ ẹyẹ àti òwú mọ́ ìwọ̀ kékeré títí yóò fi jọ kòkòrò, tí a sì ń fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ gbé e lé ojú omi kí ẹja lè ṣèèṣì pè é ní oúnjẹ. Ẹja tí a mọ ọgbọ́n yìí mọ́ jù lọ ni trout, tí ń gbé nínú odò tútù orí òkè. Hayin Dogo, ní Sàmárù, Zaria, kò ní òkè gíga, kò ní odò tútù, kò sì ní trout. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí gbé yẹ̀ wò ni pé: bí a bá yọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, kí ni ó kù nínú ìmọ̀ náà tí ará Hayin Dogo lè kọ́?

Ìmọ̀ náà ti pẹ́ láyé. Ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Kristi, Claudius Aelianus, òǹkọ̀wé ará Róòmù, ṣàkọsílẹ̀ àwọn apẹja Masidóníà létí odò Astraeus, tí wọ́n ń wé irun àgùntàn pupa mọ́ ìwọ̀, tí wọ́n sì ń so ìyẹ́ méjì tí ó hù lábẹ́ ọ̀fun àkùkọ mọ́ ọn. Trout fúnra rẹ̀ kò ṣàì dé Áfíríkà: ní 1905 ni wọ́n kó ẹyin rẹ̀ láti Loch Leven ní Scotland lọ sí orí òkè Aberdare ní Kenya, ó sì rí ibẹ̀ gbé.

Ìdí àkọ́kọ́ tí kò fi lè gbé Zaria ni ooru. Omi tí ó wà láàárín ìwọ̀n 10 sí 16 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó bá a lára mu. Bí omi bá ti ń kọjá 20, oúnjẹ kì í wù ú mọ́. Bí ó bá kọjá 25 tí ó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, ikú ni. Ìdí kejì wé mọ́ àkọ́kọ́: bí omi bá ṣe ń gbóná sí i ni ọ́síjìn tí ó lè gbà sínú ń dín kù. Létí òkun, lítà omi kan tí ó wà ní ìwọ̀n 10 lè gba ọ́síjìn tó mílígíráàmù 11.3, bí ó bá gbóná dé 25, kò ju bí 8.3 lọ. Kí ooru tó pa trout, èémí á ti máa wọ́n ọn.

Ilẹ̀ Zaria ga ju ìtẹ́jú òkun lọ ní nǹkan bí mítà 650, ìwọ̀n ooru rẹ̀ láàárín ọdún, bí a bá pín in dọ́gba, sì sún mọ́ 25. Níwọ̀n bí ooru ti ń fi bí ìwọ̀n 6.5 dín kù fún mítà 1,000 tí a bá gùn sókè, a ó ní láti gbé Hayin Dogo, tilé toko, sókè ní mítà 1,500 kí ooru ibẹ̀ tó wálẹ̀ dé nǹkan bí 15. Gíga rẹ̀ nígbà náà yóò jẹ́ mítà 2,150. Chappal Waddi ní ìpínlẹ̀ Taraba, òkè tí ó ga jù ní Nàìjíríà, jẹ́ mítà 2,419. Ọyẹ́ pàápàá kò lè mú omi tutù tó bẹ́ẹ̀. Òtútù òwúrọ̀ oṣù Kejìlá àti oṣù Kínní a máa mú kí ènìyàn wá súwẹ́tà wọ̀, ṣùgbọ́n omi kì í tètè tutù bí afẹ́fẹ́, oòrùn ọ̀sán a sì dá ohun tí òru mú lọ padà.

Odò agbègbè Sàmárù ni Kubanni, tí Yunifásítì Ahmadu Bello sé fún omi lílò. Kubanni ń ṣàn sínú Galma, Galma ń ṣàn sínú odò Kàdúná, Kàdúná sì ń gbé e fún Odò Ọya. Bí a bá pín ẹja inú àwọn odò tí ó so pọ̀ wọ̀nyí gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń dá oúnjẹ mọ̀, ọ̀wọ́ mẹ́ta ni yóò jáde. Ọ̀wọ́ kìn-ín-ní ń fi òórùn àti irùngbọ̀n wá oúnjẹ, àrọ̀ sì ni olórí wọn. Òru àti omi rírú kò dí i lọ́wọ́, ìyẹ́ tí kò ní òórùn kò sì jọ ọ́ lójú. Ọ̀wọ́ kejì ń họ oúnjẹ, bí èpìyà, tí ewéko tín-ín-tín inú omi jẹ́ olórí oúnjẹ rẹ̀, tí ó sì ń mú kòkòrò nígbà tí ó ṣì kéré. Ọ̀wọ́ kẹta ń fi ojú wo oúnjẹ kí ó tó mú un: nínú wọn ni Brycinus nurse, tí ń jẹ kòkòrò, àti Hydrocynus, ẹja eléyín gígùn tí ń lé ẹja mìíràn jẹ.

Àyẹ̀wò ara wọn ti ìpín yìí lẹ́yìn. Trout ní lẹ́bẹ́ kékeré kan tí ó jẹ́ kìkì ẹran, láàárín lẹ́bẹ́ ẹ̀yìn àti ìrù. Brycinus àti Hydrocynus ní irú rẹ̀. Àrọ̀ àti èpìyà kò ní. Èyí kò sọ wọ́n di ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ kẹta ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ń wá adelé trout gbọ́dọ̀ lọ bá.

Ohun èlò ìdẹ kò wọ́n rárá. Ìyẹ́ ọrùn àkùkọ àti ìyẹ́ ẹtù alámì funfun, tí àwọn oníṣẹ́ yìí ń lò ní Yúróòpù, kò ṣòro rí nílẹ̀ Haúsá. Òwú kò sì ṣàjèjì sí Sàmárù, níbi tí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ti mú àwọn irúgbìn òwú SAMCOT jáde.

Jíju okùn ni ó gba sùúrù jù. Nínú ìwọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òjé ni ń fa okùn lọ; nínú ọ̀nà yìí, ìdẹ kò wúwo, okùn tí ó nípọn, tí ó gùn tó nǹkan bí mítà 27, ni ń gbé e. A ó gbé ọ̀pá sẹ́yìn, a ó dúró kí okùn nà tán, kí a tó gbé e síwájú. Àṣìṣe akẹ́kọ̀ọ́ pín sí mẹ́ta. Èkíní ni ìkánjú: okùn kò tíì nà tí a ti fà á padà, ó dún bí ẹgba, ìdẹ sì já. Èkejì ni ìtẹ̀sẹ́yìn: ọ̀pá tẹ̀ sẹ́yìn jù, ìwọ̀ sì kọ́ koríko tàbí ẹ̀ka dongoyárò. Ẹ̀kẹta ni ìkójọ: agbára ọwọ́ tán kí okùn tó dé ibi tí ó ń lọ, ó sì wó lulẹ̀ níwájú ẹni tí ó jù ú. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí àtúnṣe rẹ̀ béèrè omi; pápá gbígbẹ àti okùn tí a ti yọ ìwọ̀ rẹ̀ tó. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá-ìlà-oòrùn wá, ẹni tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù ú ní láti fi ẹ̀gbẹ́ òsì kọ afẹ́fẹ́, kí ìwọ̀ má baà gbá a lára.

Apá tí ó kù ni ìmọ̀ kòkòrò. Kòkòrò tí wọ́n ń fi ìyẹ́ ṣàfarawé rẹ̀ jù ni èyí tí ń gbé inú omi fún ọ̀pọ̀ oṣù, tí ń hu ìyẹ́, tí kì í jẹun mọ́ lẹ́yìn náà, tí ó sì ń kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Povilla adusta, ń gbé inú igi tí omi bò nínú adágún Kainji; ní adágún Victoria ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà, wọ́n ṣàkíyèsí pé nǹkan bí òru kejì lẹ́yìn òṣùpá àrànmọ́jú ni ó ń jáde lọ́pọ̀ yanturu. Apẹja tí kò mọ kàlẹ́ńdà kòkòrò kò lè mọ ìdẹ tí ẹja ń retí.

Àbájáde ìwádìí yìí nìyí: ìmọ̀ náà pín sí mẹ́rin, ìyẹn èlò, jíjù, kòkòrò àti ẹja, Hayin Dogo lè kọ́ni ní mẹ́ta àkọ́kọ́, ó sì ní adelé fún ẹ̀kẹrin. Kò sí ìdí láti kó trout wá sí odò Nàìjíríà kankan, kódà níbi tí òtútù bá gbà á. Ní South Africa, níbi tí wọ́n ti kó o dé láti nǹkan bí 1890, ó ti jẹ àwọn ẹja ìbílẹ̀ kéékèèké run nínú àwọn odò kan. Ohun tí Kubanni nílò yàtọ̀. Ẹrẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wá láti orí ilẹ̀ tí a ti ro ń kún ibi tí a sé, ẹrẹ̀ kan náà sì ń bo òkúta àti yanrìn tí kòkòrò omi ń gbé mọ́lẹ̀. Kí àwọn àgbẹ̀ fi koríko àti igi sílẹ̀ létí bèbè, kí àwọn ará ilé má da ìdọ̀tí sójú omi, kí àwọn aláṣẹ sì kó ẹrẹ̀ odò náà. Odò tí kòkòrò kò lè gbé kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ìpẹja.