Orí Ẹja Ti Kúrò Lọ́wọ́ Bàbá

Ẹ gbọ́ ẹjọ́ mi, ẹ̀yin ará Ibiadé. Nínú ilé tí mo fi òógùn ojú mi kọ́, eegun ẹja ni mò ń họ.

Ọmọkùnrin mi ló ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn ò burú. Nígbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, èmi náà jó yí ilé po, ìpínlẹ̀ wa ni. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé bọ́ọ̀lù yóò wọ inú ìkòkò ọbẹ̀ mi.

Kóòṣì wọn ló kó ọ̀rọ̀ náà dé. Ó ní lọ́jọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀, oúnjẹ tó ń fúnni lágbára ni kó pọ̀ jù nínú àwo, kí wọ́n sì ti jẹ ẹ́ ní wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí wọ́n tó wọ pápá. Ara á sọ ọ́ di ṣúgà, á kó o pamọ́ sínú iṣan. Tí ìyẹn bá tán, ẹsẹ̀ á wúwo, ojú á ṣú, páàsì tó yẹ kó lọ bá ọ̀rẹ́ á lọ bá ọ̀tá. Ó ní ọ̀mọ̀wé ará Sweden kan, Bengt Saltin, ti sọ ọ́ láti 1973 pé àwọn tí ṣúgà iṣan wọn ti lọ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ìrìn lásán ni wọ́n fi lọ nǹkan bí ìdajì ọ̀nà wọn lórí pápá. Èmi náà ń wọ́ ẹsẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi lójoojúmọ́, kò sí ọ̀mọ̀wé tó wá bi mí pé kí ni mo jẹ.

Títí débẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ẹ̀bà wà, púpurù wà, ìkọ́kọrẹ́ wà. Àwọn ògbógi tí UEFA, àjọ bọ́ọ̀lù Yúróòpù, kó jọ ní kí agbábọ́ọ̀lù jẹ gíráàmù 6 sí 8 èròjà afúnnilágbára inú irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lórí kílò ara rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ eré. Kílò 70 ni ọmọ mi. Mo ṣírò ó, ó tó ìdajì kílò gàrí, ó kéré tán. Ìdajì kílò! Ó ti ń jẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí kóòṣì tó dé.

Orí ẹja ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, orí àrọ̀ ni tèmi, àárín rẹ̀ ni tèmi, àwọn ọmọ á pín ìrù. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo ṣí àwo, ìrù ló wà níbẹ̀, ó ká kò bí okùn bàtà.

Mo ní, "Ìyá wọn, àwo ta nìyí?"

Ó ní, "Tiyín ni, Bàbá wọn. Ẹ má bínú. Kóòṣì ní ẹja ló ń tún iṣan ṣe. Ẹ̀yin ò kúkú ń sáré."

Èmi tí mò ń rẹ́ pákó láti àárọ̀! Létí ọ̀sà níbí, tí ẹja ti ń ti inú omi wọ ọjà!

Ti ẹyin ló tilẹ̀ ń pa mí lẹ́kún jù. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin, olè ló máa yà. Àwọn àgbà nìkan ló ń jẹ ẹ́. Mo ní sùúrù, mo ní èmi náà á dàgbà. Mo dàgbà tán, wọ́n ní ẹyin méjì ni tọmọ láràárọ̀, torí iṣan. Ẹ sọ fún mi, ìgbà wo ló wá yẹ kó kàn mí?

Fóònù tún dá kún un. Ọmọ mi rí agbábọ́ọ̀lù Haaland nínú fíìmù kan tó jáde ní 2022, tó ń fi ọkàn àti ẹ̀dọ̀ màlúù hàn pé oúnjẹ òun nìyẹn. Kò pẹ́ tí ẹ̀dọ̀ fi wọlé wa. Ṣùgbọ́n Ronaldo tó ti ìgò Coca-Cola sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní 2021, tó ní omi ni kí wọ́n mu, ìyẹn ò kàn án. Mo sọ ti kóòṣì Wenger fún un, pé nígbà tó dé Arsenal ní 1996, ó gba ṣokoléètì lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n kọrin nínú bọ́ọ̀sì pé àwọn fẹ́ ṣokoléètì àwọn, kò dá wọn lóhùn, ní 1998 wọ́n gba ife méjì. Ọmọ mi ní, "Bàámi, ìyẹn ti pẹ́."

Kóòṣì fúnra rẹ̀ yà kí wa, ó ní òun fẹ́ mọ ohun tí ọmọ ń jẹ. Wọ́n gbé ẹ̀bà síwájú rẹ̀, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dára. Wọ́n bù sí i, ó ní ìyẹn náà dára. Ẹja tó fi yẹ̀ ẹ́ wò ò kù.

Kípà sì ni ọmọ náà o! Àwọn tó ń gbá àárín ń sáré tó kìlómítà 10 sí 12 nínú eré kan. Aṣọ́lé ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìdajì rẹ̀ lọ. Mo gbé ìṣirò yìí ka iwájú ìyá rẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Fífò ńkọ́?"

Lọ́jọ́ Sátidé wọ́n fẹ́ bá àwọn ọmọ Abigi gbá a, aago mẹ́rin. Àrọ̀ ńlá kan ti wà nínú bàsíà. Mo ti kìlọ̀ pé orí rẹ̀, tèmi ni, nítorí ọwọ́ ni kípà fi ń mú bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ ní òun gbọ́, àmọ́ òun á kọ́kọ́ bi kóòṣì.