Ìjàpá Agbaṣẹ́ṣe àti Onígbáméjì

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo, ó dá lórí Erin, ó sì dá lórí Onígbáméjì, kòkòrò àìfojúrí.

Odò kan ṣoṣo ni gbogbo ẹranko ìlú náà ń mu. Lọ́dún kan, Ọba Kìnnìún kó owó kalẹ̀ pé kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá tó jìn, tó sì jìnnà sí odò, kí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ nínú kí òjò tó dé. Ìjàpá ló gba iṣẹ́ náà. Ó yọ ìdá kan fún Ọ̀bọ tó buwọ́ lu ìwé, ó fi ìdá kan kọ́lé, ó sì gba etí òkun lọ láti fi èyí tó kù ra aṣọ ẹbí ọjọ́ ìṣíde. Kòtò tí kò ju orúnkún Ẹtu lọ ló gbẹ́ sẹ́bàá odò, ó wá gbé pátákó gàgàrà sí i: “Iṣẹ́ Kábíyèsí Rèé.” Wọ́n lùlù, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, Kìnnìún ló sì kọ́kọ́ lò ó. Fọ́tò rẹ̀ wà láàfin di òní.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ni pé Ìjàpá jẹ edé tí kò jinná létí òkun. Ibi tí omi iyọ̀ àti omi odò ti pàdé ni Onígbáméjì ń gbé, ó máa ń rọ̀ mọ́ ara edé àti àwọn ohun wíńníwínní inú omi. Ó tẹ̀ díẹ̀, ìrù kan ṣoṣo ló fi ń lúwẹ̀ẹ́. Májèlé tó fi ń halẹ̀ mọ́ ayé kì í ṣe ogún bàbá rẹ̀: fáírọ́ọ̀sì kan tó kéré jù ú lọ, tó máa ń wọnú àwọn kòkòrò bíi tirẹ̀, ló kó o bá a. Àgbàdá àyálò ni, ṣùgbọ́n nínú ìlú tí Ìjàpá ti ń yan fanda lórí owó ìlú, ta ni yóò bá a wí? Inú kò run Ìjàpá rárá. Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá gbé Onígbáméjì mì ni àìsàn kì í hàn lára wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń yà á sílẹ̀. Ìjàpá yà á sínú kòtò, òjò rọ̀, kòtò kún, ó sì ṣàn wọ odò.

Erin wá mu omi. Yánníbo ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ kí n se é fún yín ná.” Erin rẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo ń fa ìrókò tu? Kí ló wà nínú omi tó lè dá mi dúró?” Ó mu ún tẹ́rùn.

Kíkan inú àpòlúkù máa ń pa púpọ̀ nínú àwọn Onígbáméjì. Àmọ́ inú ti ń ta Erin, ó sì ti ń mu omi kán-ún tí Ìjàpá ń tà, kíkan inú rẹ̀ ti rọ̀. Àwọn tó yè dé ìfun kékeré, wọ́n fi ìrù la ikun tó bo ògiri rẹ̀ kọjá, wọ́n fi irun ara wọn di ògiri mú, wọ́n sì ń bí sí i. Ibẹ̀ ni wọ́n ti gbé orin:

Lílé: Mo kéré, mo kéré, n ò lọ́bẹ lọ́wọ́.
Ègbè: Ṣàn, omi, ṣàn.
Lílé: Ilẹ̀kùn tí mo kàn, onílé ló ṣí i.
Ègbè: Ṣàn, omi, ṣàn.
Lílé: Erin tó ń gbé igi kò ní lè gbé apá.
Ègbè: Ṣàn, omi, ṣàn.
Lílé: Ẹ má bi mí léèrè, ẹ bi ẹni tó gbẹ́ ṣáláńgá.
Ègbè: Ṣàn, omi, ṣàn.

Ẹ̀yà mẹ́fà ni májèlé náà ní. Márùn-ún rọ̀ mọ́ ara sẹ́ẹ̀lì ìfun, ẹ̀kẹfà yọ́ wọlé, ó sì ba ohun tó ń pàṣẹ fún ẹnu ọ̀nà iyọ̀ jẹ́, kò jẹ́ kó lè tì mọ́. Iyọ̀ tú sínú ìfun, omi ara sì tẹ̀ lé iyọ̀. Kò gé ìfun, kò fa ẹ̀jẹ̀, ibà pàápàá kì í sábà bá a rìn. Ara Erin fúnra rẹ̀ ló ń da omi Erin nù.

Ìgbẹ́ náà funfun, omi tí a fi ṣan ìrẹsì gẹ́ẹ́. Ó lè tó lítà kan ní wákàtí kan lára ènìyàn, ẹ wá ro ti Erin. Èébì dà á. Ojú rẹ̀ jìn, iṣan ẹsẹ̀ ń fà á, ohùn tó ń mi igbó di ti ẹ̀fọn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò lè dìde. Onígbáméjì kò sì bínú sí i o. Ọ̀nà àbájáde ló ń wá fún ọmọ àìlóǹkà tó bí, kí wọ́n padà sí kòtò Ìjàpá, kí wọ́n gba ibẹ̀ dé odò, kí wọ́n gba odò dé ẹnu ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ kejì, Àgbọ̀nrín ti kú, Ọ̀yà àti ọmọ rẹ̀ ti wà ní ìdùbúlẹ̀.

Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n sì ránṣẹ́ pe Ìjàpá, ọ̀mọ̀ràn ìlú. Ó ní Òwìwí ni. “Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kí ló ń wá kiri lóru?” Wọ́n de Òwìwí mọ́ igi. Ìjàpá gba owó ètùtù, ó sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má fún aláìsàn lómi, pé omi tó ń wọlé náà ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ yìí pa àwọn tí Onígbáméjì ìbá dá sí.

Ìyá Ìgbín ló kọ̀. Ó ní kí wọ́n bu lítà omi mímọ́ kan, ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí, kí wọ́n gé orí ṣíbí náà dọ́gba. Iyọ̀ ni ikú ìgbín, nítorí náà òkèèrè réré ló dúró sí, Ẹtu ló ń bá a wọ̀n ọ́n. Ó ní ẹnu ọ̀nà mìíràn wà lára ìfun kan náà tí apá májèlé kò ká, ibi tí ṣúgà àti iyọ̀ ti jọ ń wọlé. Bí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Erin mu igbá lé igbá bó ti ń ya ìgbẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó yá, ohùn rẹ̀ padà. Àwọn tí kò lè gbé nǹkan mì mọ́, ọsibítù ni wọ́n sáré gbé wọn lọ fún omi tí wọ́n ń fà sí iṣan.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rò pé irọ́ àlọ́ nìyí, ẹ bi àwọn ará Bẹ̀ngálì. Lọ́dún 1971, nígbà ogun Bangladesh, omi tí wọ́n ń fà sí iṣan fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní àgọ́ àwọn tí ogun lé wá sí Bangaon. Dókítà Dilip Mahalanabis pàṣẹ kí wọ́n máa po omi oníyọ̀ oníṣúgà. Ikú tó ti ń mú bíi 30 lọ nínú 100 aláìsàn Onígbáméjì já wálẹ̀, kò tó 4.

Kìnnìún bi Ìyá Ìgbín pé níbo ni àìsàn gbà wọ̀lú. Ó ní, “Kábíyèsí, àyà ni mo fi ń rìn. Kò síbi tí omi kòtò yẹn gbà tí n ò gbà.” Ó tọ́ka sí pátákó.

Gbogbo ojú yí sí Ìjàpá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. “Kí adé pẹ́ lórí, Kábíyèsí. Òtítọ́ ni, ṣáláńgá náà kò jìn. Owó tí ẹ kó kalẹ̀ náà kò kúkú jìn. Ta ló wá mọ ibi tó ti bàjẹ́ ju ẹni tó gbẹ́ ẹ lọ?”

Àwọn ìgbìmọ̀ wojú ara wọn. Ọ̀bọ ní ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n ni. Wọ́n gbé iṣẹ́ àtúnṣe fún Ìjàpá ní ìlọ́po méjì owó ti àkọ́kọ́, wọ́n sì fi í ṣe alága àwọn tí yóò wádìí ẹni tó ba ṣáláńgá jẹ́.

Òwìwí ké láti ìdí igi pé kí wọ́n jọ̀ọ́ tú òun sílẹ̀. Wọ́n ní kó ní sùúrù, ìwé rẹ̀ ti wà lórí tábìlì alága.