Bí A Ṣe Ń Ro Ẹ̀fọ́ Tí Ajá Kò Ní Fẹnu Kàn

Ìwé yìí kò kan ọlọ́gbọ́n. Bí o bá dàgbà nídìí ààrò ìyá rẹ, tí wọ́n ń rán ọ wá iyọ̀, tí wọ́n sì ń gbá ọ lórí nígbà tí o bá já ẹ̀fọ́ mọ́ igi rẹ̀, má dà wá láàmú. Ọbẹ̀ rẹ ti dára tẹ́lẹ̀. Ẹni tí à ń bá wí ni ẹni tó gbà pé kò sí ohun tó le nínú ẹ̀fọ́ rírò, ewé ṣáà ni, ewé kì í sì bá èèyàn jà. Ìwọ ni, ọ̀rẹ́ mi. Jókòó. Ohun kan ṣoṣo ni kí o fi sọ́kàn: omi ni irinṣẹ́ wa. Ibikíbi tí o bá ti rí àyè, omi ni kí o fi dí i.

Ọjà la ti ń bẹ̀rẹ̀. Má lọ ní ìdájí. Ìdájí ni àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò àti lábẹ́ wáyà iná máa ń gbé e dé, tí ewé ṣì le, tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Kí la fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Sùn dáadáa. Bó bá di nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, kí o wá jáde. Ìgbà yẹn ni wàá bá ìdì ẹ̀fọ́ tí wọ́n ti ń wọ́n omi sí láti òwúrọ̀, tí ewé ìta ń dán yinrin, tí ti inú ti ń rà. Má tú u wò o. Ẹnu ni kí o fi yẹ̀ ẹ́ wò:

“Ìyá, ẹ̀fọ́ yìí tutù ṣá?”

“Ọkọ mi, àárọ̀ yìí ni wọ́n gé e.”

Ó tán. Ta ló tún lè mọ ọjà ju ẹni tó ń tà á lọ? Kí o wá nájà náà títí ojú ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ yóò fi korò, kí ó lè kúkú na ọwọ́ sí ẹ̀yìn tábìlì, kí ó fún ọ ní ìdì tó ti fi pamọ́ fún irú yín.

Ó ku ata. Àwọn tó mọ ẹ̀fọ́ rò kì í ka tòmátì sí níbẹ̀. Tàtàṣé ni ọ̀gá, rodo á tẹ̀ lé e, àlùbọ́sà á dá sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ní ọdún 2016, nígbà tí kòkòrò kan tó ń jẹ́ Tuta absoluta jẹ oko tòmátì run ní Kàdúná, tí ìjọba ìpínlẹ̀ náà kéde pé ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì, tí tòmátì sì wọ́n gógó títí dé Èkó, ẹ̀fọ́ rírò kò tilẹ̀ gbọ́ pé nǹkan ṣẹlẹ̀. Àṣírí ni mo sọ yẹn, jọ̀ọ́ gbàgbé rẹ̀. Tòmátì ni kí ìwọ fi ṣe ìpìlẹ̀, kí ó sì jẹ́ tòmátì ìgbà òjò. Kó jẹ́ èyí tó wà nísàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀, tó bá ọkọ̀ rìn láti Àríwá dé ọjà Mile 12 l'Ékòó tí gbogbo ẹbí rẹ̀ ń jókòó lé e lórí. Wọ́n máa ń ṣa àwọn tó ti bẹ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, owó wọn kì í tó nǹkan. Omi ọ̀fẹ́ nìyẹn.

Bí o bá ní ọgbà lẹ́yìn ilé, Ọlọ́run ti fún ọ ní gbúre. Kò sẹ́ni tó gbìn ín, fúnra rẹ̀ ló hù lẹ́bàá ibi tí omi ìwẹ̀ ń gbà. Ewé yìí, omi ló fi gbogbo ara rẹ̀ pọn. Tí o bá fọwọ́ fún un, á da omi sí ọ lára. Ọlọ́gbọ́n tó bá fẹ́ lò ó kì í bu omi kankan sí ọbẹ̀, ìgbẹ̀yìn pátápátá ló sì ń dà á sí i. Ìwọ kó o lé ṣọkọ àti tẹ̀tẹ̀ lórí, kó pọ̀ dáadáa, kó sì jẹ́ òun ló kọ́kọ́ wọ ìkòkò. Tí ewúro bá wà lẹ́bàá ògiri, já a mọ́ ọn. Má fi iyọ̀ bó o, má fọ̀ ọ́ títí ìfófòó rẹ̀ yóò fi lọ; ìkorò ni yóò jẹ́ kí àlejò mọ̀ pé ewé oko ni, kì í ṣe ti inú agolo.

Rẹ́ ẹ̀fọ́ náà ná kí o tó fọ̀ ọ́. Àwọn ìyá wa máa ń fọ̀ ọ́ ní odidi, wọn á ṣan yanrìn kúrò, wọn á wá rẹ́ ẹ. Ètò àtijọ́ nìyẹn. Nígbà tí o bá rẹ́ ẹ tán, tí o wá dà á sínú bàsíà omi, gbogbo oje tó ní láárí nínú ewé náà yóò jáde sínú omi náà, wàá sì fi ìgboyà dà á nù. Yanrìn yóò ṣẹ́kù. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí o fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, gbà, ṣùgbọ́n má fún un. Èmi gan-an kò mọ ìdí tí èèyàn yóò fi dá omi tó ti wọnú ewé padà síta, bí ẹni pé ó yá a ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ka èyí ní Ìlú Ọba. Ẹ má bọkàn jẹ́. Ẹ̀fọ́ sípínáṣì inú fírísà wà fún yín, yìnyín ni ìdajì rẹ̀. Ẹ gbé e bẹ́ẹ̀ sínú ìkòkò. Ó dùn mí láti sọ pé àwọn ará Bahia ní Brazil kò lè jàǹfààní ìwé yìí: ewé ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun mú, wọ́n fi epo pupa àti edé gbígbẹ sè é, efó ni wọ́n ṣì ń pè é títí dòní, ọbẹ̀ náà kò sì di omi. Ìwọ tí gbogbo ewé wà nítòsí rẹ ló yẹ kó fi wọ́n hàn bí a ṣe ń ṣe é.

Irú ni ẹ̀mí ọbẹ̀ yìí, nítorí náà ká fara balẹ̀ pa á. Wo wàhálà tí wọ́n fi ń ṣe é ná. Wọn a gbé wóró irúgbá kaná láti òwúrọ̀ di ọjọ́ kejì, nítorí èèpo rẹ̀ kì í tètè rọ̀. Wọn a tẹ̀ ẹ́, wọn a fọ̀ ọ́ títí èèpo yóò fi bọ́ tán, wọn a tún gbé e kaná. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò dà á sínú agbọ̀n tàbí igbá, tí wọn yóò fi ewé àti aṣọ bò ó fún bí ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, tí yóò máa móoru fúnra rẹ̀ níbẹ̀, títí òórùn rẹ̀ yóò fi jí. Igi ìdáná tó wọlé síbẹ̀ pọ̀, ẹ̀yìn tó ro àwọn obìnrin náà pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gba irú wóró yìí lọ́wọ́ wọn, gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi, kí o fọ òórùn náà dànù pátápátá, kí ayálégbé ẹ̀gbẹ́ má bàa rò pé ará oko ni ọ́. Òkúta inú rẹ̀ nìkan ni kó o dá sí. Fi magí dípò adùn tó lọ. Bí kò bá tíì dùn, fi òmíràn sí i.

Ìdáná gan-an kò gba àkókò. Gbé epo pupa kaná, kí o lọ dáhùn fóònù. Nígbà tí o bá padà dé, tí èéfín ti gba ilé, tí epo ti funfun, ó ti jinná. Pupa tó sọnù yẹn ni ara ìbá fi ṣe fítámìnì A, èyí tí ojú fi ń ríran. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ rí ọbẹ̀ yìí kedere? Ata ńkọ́? Ẹ̀rọ ìlọta kì í yí láìsí omi, nítorí náà bu ife kan sí i, kí o sì da gbogbo rẹ̀ sínú epo lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan máa ń gbé ata kaná fúnra rẹ̀ kí omi rẹ̀ gbẹ dànù, kó kù kìkì ẹran ata, kí wọ́n tó jẹ́ kó fojú kan epo. Iṣẹ́ méjì lórí ọbẹ̀ kan! Da ẹ̀fọ́ lé e, da omi ẹran lé e, da pọ̀nmọ́ àti panla tí o kò fi omi gbígbóná àti iyọ̀ fọ̀ lé e.

Kí o wá dé e. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ yóò ti yọ. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló fẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á ṣì tutù nígbà tí wọ́n bá sọ ọ́ kalẹ̀. Ìdérí kì í gbà bẹ́ẹ̀: ooru á gbéra, á kan ìdérí, á tún padà di omi, á máa kán tó-tó-tó sínú ọbẹ̀. Fún un ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí o bá ṣí i, ewé tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú yóò máa lúwẹ̀ẹ́ lábẹ́ epo bí ìgbà tí òjò bá kó pàǹtírí sínú gọ́tà. Má sọ̀rètí nù. Bu gàárì sí i kó lè ki. Bó bá ki jù, omi wà. Bí omi bá mú kó tẹ́, iyọ̀ wà, bí iyọ̀ bá sì pọ̀, ìwọ náà ti mọ ohun tó kàn.

Gbé e fún àlejò pẹ̀lú iyán, nítorí iyán kò mọ ohun tó ṣe tó fi yẹ ẹ́. Má kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí àlejò bá ní “ó dùn, ẹ ṣeun,” tó sì ń fi ẹran nìkan jẹ iyán, bu ọbẹ̀ sí i fún un. Bí aláìmọ̀wà-á-hù kan bá wá bèèrè pé irú ọbẹ̀ wo rèé, dáhùn pé bí wọ́n ṣe ń ro ó ní ìlú ìyá rẹ nìyẹn. Á gbé omi mu, á tún bu òkèlè, nítorí kò sẹ́ni tí wọ́n kọ́ nílé re tó jẹ́ bú ìlú ìyá ẹlòmíràn nídìí oúnjẹ.