Balógun Tí Kò Rí Iwájú

Ẹ̀yin ará Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ẹ bo ọ̀bọ̀kún yín mọ́lẹ̀ ná, kí ológbò má baà bá wa dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Òyìnbó ni mo fẹ́ fi ṣẹ̀fẹ̀ lónìí. Kò gbọ́ Yorùbá, ìbínú rẹ̀ kò sì lè dé Ẹ̀pẹ́.

Sir Bill Beaumont ni. Rọ́gíbì ló gbá fún England, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri tí wọ́n ṣì ń pè ní gbígbá. Ìlà kejì ni ipò rẹ̀. Bí ọkùnrin mẹ́jọ bá so mọ́ra láti ti mẹ́jọ mìíràn, òun ni yóò ki orí bọ àárín itan àwọn tó wà níwájú, yóò sì máa tì. Ìgbà 34 ló ṣe é fún orílẹ̀-èdè rẹ̀, ó sì jẹ́ balógun nígbà 21. Balógun tí ìdí ẹlòmíràn bo ojú rẹ̀! Síbẹ̀, lọ́dún 1980, wọ́n na gbogbo ẹni tó kojú wọn nínú ìdíje ọdún náà, èyí tí England kò ṣe mọ́ láti 1957.

Orí ọ̀hún náà ló dá a dúró. Ní 1982, àwọn dókítà ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó bá kọ ìtàn ayé ara rẹ̀, ó gba owó ìwé. Yéè! Èèwọ̀ ni nígbà náà kí ẹnikẹ́ni fi rọ́gíbì pa kọ́bọ̀. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ kankan nídìí eré náà, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Bí òfin yẹn bá dé Olúwo, ta ni yóò kù nídìí àtẹ?

Ní 1995 ni èèwọ̀ fò lọ. Bill di alága rọ́gíbì England ní 2012, ó di alága àgbáyé ní 2016. Ẹni tí wọ́n tìtorí owó ìwé lé ló wá ń bọwọ́ lùwé owó! Ní 2020, igbákejì rẹ̀, Agustín Pichot ọmọ Argentina, bá a du àga. Ìbò 28 sí 23 ni Bill fi yè é. Ní 2024, Brett Robinson láti Australia gba ipò náà. Òun náà ti gbá rọ́gíbì rí.

Ẹ gbọ́ o: nígbà tí England gba ife àgbáyé ti ẹlẹ́ni-méje ní 1993, Andrew Harriman tí wọ́n bí ní Èkó ni balógun, Adedayo Adebayo tí wọ́n bí ní Ìbàdàn sì wà níbẹ̀. Ife ti kan wá, ó ku àga. Ẹ̀yin géńdé Ẹ̀pẹ́ tí ẹ ń ti ara yín ṣubú nítorí agbọ̀n ẹja kan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ forúkọ sílẹ̀.