Lẹ́yìn Ẹ̀fà

Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìkìlọ̀ ni wọ́n fi ṣe. Àwọn ìjọba òde òní gbọ́ ọ, wọ́n sọ ọ́ di ètò ìṣúná: wọ́n á ka ẹ̀fà síta gbangba, wọ́n á wá jókòó lé ìyókù.

Ẹ wo Odògbólú, ọ̀kan nínú ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹni tó bá ní fóònù ní Òsósà tàbí Ayépé lè wo iye tí Àbújá pín fún káńsù rẹ̀, títí dórí kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀! Ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ra ẹyọ gààrí kan ni wọ́n ń kà fún wa. Owó náà á wá wọ àkáǹtì àpapọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀, èyí tí ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 dá sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iná ti ń kú.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, Wale Adedayo, alága ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú nígbà náà, kọ lẹ́tà sí Olóyè Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, gómìnà Ògùn nígbà kan rí, pé láti 2021, owó yìí kò dé ọwọ́ àwọn káńsù. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní irọ́ ni. Àwọn káńsẹ́lọ̀ yọ alága nípò. Àwa òǹwòran mọ iye tó kúrò l'Ábújá, a ò mọ ẹni tó ń purọ́. Tẹ́lẹ̀, ìfura lásán là ń ṣe. Wọ́n ti wá bá wa fi iye sí i.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ni alájọ Ṣómólú, tó gba àjọ ọgbọ̀n ọjọ́ láìkọ orúkọ ẹnì kan sílẹ̀, tí kò sì ṣì í san fún ẹnikẹ́ni. Gómìnà kankan ò bá a gé rìbọ́ọ̀nù. Ti ìjọba yàtọ̀: ní oṣù Kejìlá 2019, Ààrẹ Buhari ṣí ojú òpó kan tí wọ́n á ti máa fi gbogbo owó tí iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ bá san hàn lójoojúmọ́, láti mílíọ̀nù márùn-ún náírà sókè. Mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ ńkọ́? Ẹ má dá mi lóhùn.

Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ní òfin ọdún 2011 tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé ìjọba de àwọn ìpínlẹ̀ náà. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó Odògbólú gbà, kó kọ̀wé. Kó ṣe é ní ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sórí èyí tó máa mú dání, torí èkejì á sọnù.