Sí Àbúrò Mi Tó Ń Bá Mechanics Ṣe Bojúbojú

Àbúrò mi, Olórí Ìṣírò gbogbo Fìdítì,

Wọ́n ní láti Fìdítì dé Ìlọrà, kò sẹ́ni tí kò tíì rí ìwé Further Maths lábíyá rẹ. Ṣíṣí i ló kù.

Mo gbọ́ pé o ti búra pé o ò ní ka Mechanics. O ní Pure lo mọ̀, Pure náà lo máa fi gba A1. Ọ̀gá, ta ló tàn ọ́ jẹ? Nínú ìdánwò Further Maths ti WAEC, ìpín B Pépà Kejì ní ọ̀nà mẹ́ta: Pure, Statistics pẹ̀lú Probability, Vectors pẹ̀lú Mechanics. Mẹ́rin lo máa dáhùn nínú ìbéèrè méje, ó kéré tán ọ̀kan láti ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, máàkì 13 sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó o bá fo ọ̀nà kẹta, o ti fi 13 ta WAEC lọ́rẹ kí bírò rẹ tó kan ìwé.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé ọmọ Fìdítì ni ọ́, ìlú ọlọ́sàn. Ṣebí ìwọ lo máa ń ju ọsàn sí ẹni tó wà lórí ọkọ̀? Ju ọ̀kan sókè gbọnrangandan, kó gbéra ní mítà 10 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Fi 10 ṣe g. Lókè téńté, ìyára rẹ̀ di òdo: 0 = 10² − 2 × 10 × h. Mítà 5 ni h, ìyẹn gíga tó dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú-àáyá 2, ó ti padà sọ́wọ́ rẹ. Ṣé èyí lò ń sá fún?

Ní ti máàkì, o ti di lọ́yà. O ní ìdáhùn nìkan ni wọ́n ń wò, lo bá ń kọ "h = 5" lásán bí ẹni kọ nọ́ńbà fóònù. Irọ́ ni! Ọ̀nà tó o gbà ní máàkì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó kọ ìlà òkè yẹn, tó wá ṣèèṣì rí 50, ṣì máa rí nǹkan he. Ìwọ tó o dédé kọ 50, òdo ni. Irú máàkì bẹ́ẹ̀ ló ń pinnu èsì rẹ: C6 ni kírédíìtì tó kéré jù. D7 àti E8, páàsì lásán ni. F9, mi ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀ nílé wa.

Mò ń bọ̀ ní Sátidé. Ya ọkọ̀ ọsàn tó dúró lójú ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́ fún mi, kó o fi ìwúwo rẹ̀ hàn, àti agbára tó dì í mú kó má yọ̀ lọ. Tún ìṣírò ọsàn yẹn ṣe náà, kó o jọ̀ọ́ kọ gbogbo ìlà tó o gbà sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdáhùn nìkan ni mo bá, mi ò ní fún ọ ní kọ́bọ̀.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ.